Mọ́tò Tí Kò Gbọdọ̀ Dọ̀bálẹ̀

"Ẹ di iwájú ẹ̀ mú o!"

Mo pariwo, ṣùgbọ́n kí Làmídì tó na ọwọ́, mọ́tò ti dọ̀bálẹ̀. Ìbídùnní kàn tẹ bíréèkì díẹ̀ ni, kí ó má baà kọlu ìdí mọ́tò ìlú tó wà níwájú wa lórí ìlà. Imú mọ́tò lọ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ gbéra, omi inú igbá gíláàsì tó wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀ sì gun ẹ̀gbẹ́ igbá títí dé ètè. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo ìta. Lẹ́yìn náà ó padà.

Gbogbo ìlà dákẹ́. Lọ́jọ́ ìdíje, bí omi ìlú kan bá fẹ́ kúrò nínú igbá, kì í sẹ́ni tó ń mí, ọ̀tá ni o, ọ̀rẹ́ ni o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ láti ìdájí ọjọ́ náà títí oòrùn yóò fi wọ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ bí omi bá fi igbá sílẹ̀ tó bá ilẹ̀ lọ. Bí ó bá bọ́ lẹ́nu rẹ, àwọn ará ìlú rẹ gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbá ọ lẹ́nu. Èmi náà kò ní í sọ ọ́ báyìí. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí mò ń wí.

"Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀," Làmídì wí. Òun ló ń mójú tó táyà, èmi ni mo ń mójú tó sípíríǹgì, a sì ti jọ ń bá ara wa jà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú.

"Mo ní ojú, Làmídì."

"Mo kàn ní kí n wí ni."

"Wí i fún táyà ẹ."

Ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn bó bá ti rẹ̀ mí, ó sì ti ń rẹ̀ mí láti ọdún tí adágún yìí ti gbẹ.

Àwa tí ń tún mọ́tò omi ṣe ní èdè tiwa. Bí imú mọ́tò bá lọ sílẹ̀ nítorí bíréèkì, a ní ó dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó ń gba kọ́nà, a ní ó yíká. Bí dírẹ́bà bá ki iná bọ̀ ọ́ tí ìdí rẹ̀ rì, a ní ó lóṣòó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa wí pé mọ́tò tó ń kí gbogbo èèyàn kì í mú omi délé. A kò wá ọmọlúàbí síbí. Aláìgbọràn la ń wá, èyí tí yóò gba ojúde ọba kọjá tí kò ní í tẹ orí ba.

Inú adágún náà la wà, lórí ilẹ̀ tó la bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Níwájú ni bodè, wọ́n sì fi lẹ́tà ńlá kọ òfin Ilé Omi, àwọn tó ń ṣàkóso páìpù, sí orí rẹ̀: ẸNI TÓ LÈ GBÉ OMI NI YÓÒ MU OMI. Àwọn ẹyẹ onírin ń fò lókè orí wa, wọ́n ń ya wá fún àwọn ará Èbúté tí wọ́n jókòó sínú òtútù ilé wọn tí wọ́n ń jẹ ìpanu. Omi tó kù nínú ilẹ̀ kò tó gbogbo ìlú, àwọn ará Èbúté sì ń sanwó láti wo ẹni tí yóò rí i gbà. Bí ẹnìkan ṣe ro ọ̀ràn yìí dé ibi tó dé, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlà pupa kan wà lára igbá. Ìlú márùn-ún tó bá kọ́kọ́ padà dé, tí omi wọn sì kan ìlà pupa, páìpù wọn yóò máa yọ omi títí di ìdíje mìíràn. Àwọn yòókù, wọn yóò ti tiwọn pa, tírélà yóò sì wá kó wọn lọ sí àgọ́ ní Èbúté. Mo gba Ọ̀dàn-Ìyeyè kọjá lọ́jọ́sí, ìlú tí wọ́n ti páìpù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀kùn ló ń lu ara wọn níbẹ̀.

Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ni ìlú tiwa. Àwọn ìlú mẹ́ta ló kù níwájú wa lórí ìlà.

Ìbídùnní sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ti darúgbó. Mo ti mú wàláà Amòye jáde nínú àpò. Ẹ̀rọ tí Ilé Omi fún ìlú kọ̀ọ̀kan ni, pẹlẹbẹ bíi wàláà ilé kéwú, ó sì gbọ́n ju gbogbo wa lọ nípa ìṣirò.

"Amòye, ó ń dọ̀bálẹ̀," mo wí.

"Mo rí i, Màmá. Ẹ fi sípíríǹgì tó le jù lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn. Mọ́tò yóò dúró gbọnin. Omi kò ní í mì."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti rí i nínú orí mi kí n tó béèrè. Mo ti ní kí Làmídì kó àwọn sípíríǹgì líle náà jáde, àwọn tí a ń pè ní òkúta, nígbà tí Ìbídùnní fọwọ́ kan èjìká mi.

"Màámi, ẹ wá ná."

Ó fà mí lọ sẹ́yìn òkìtì táyà. Òpó kan wà nítòsí, etí Oníbodè sì wà lára gbogbo òpó. Oníbodè ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bodè. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, pàápàá jù lọ ó ń gbọ́ irọ́ nínú ohùn èèyàn. Ìbídùnní kò sọ̀rọ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ọwọ́ tí gírísì kún, ó tì í sábẹ́ ẹ̀wù dírẹ́bà rẹ̀, ó gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn.

Mo rò pé inú ló ń run ún. Mo fẹ́ béèrè ohun tó jẹ láàárọ̀.

"Màámi," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "èmi nìkan kọ́ ni òkúta yẹn yóò máa gbá."

Ikùn náà le lábẹ́ ọwọ́ mi, ó rí roboto bí àgbọn.

"Ta ló mọ̀?"

"Ẹ̀yin. Ọkọ mi gan-an ò tíì mọ̀."

"Má padà sínú mọ́tò yẹn."

"Ta ni yóò wà á?"

Ojú ẹnìkan ṣoṣo ni Oníbodè mọ̀ fún ìlú kan. Bí dírẹ́bà kò bá lè wọlé, ìlú náà kò wọlé. Òfin sì ti wà báyìí pé abaraméjì kò gbọdọ̀ wa mọ́tò omi.

"O ti mọ̀ kí a tó kúrò nílé," mo wí.

"Mo mọ̀."

"O sì dákẹ́."

"Bí mo bá sọ nílé, ẹ̀yin ì bá dákẹ́ bí?" Omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó bọ́. "Màámi, ẹ wo àwọn èèyàn wa."

Mi ò fẹ́ wò wọ́n. Mo wò wọ́n. Àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo lẹ́bàá bodè, àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú. Baálẹ̀ wa, Bàbá Akínwándé, wà láàárín wọn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbé àgbọ̀n. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ìyá Onísípíríǹgì ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bí sípíríǹgì o, mi ò sì bí èèyàn, ṣùgbọ́n nílùú wa, obìnrin tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá, kí n sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí òfin nípa abaraméjì. Èmi ni mo wa mọ́tò ìlú wa lọ́dún náà, lórí òkúta. Omi délé, ìlú jó. Ọmọ inú mi kò dúró de àkókò rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà wá, wọ́n jókòó lórí ẹní mi, wọ́n sì sọ gbólóhùn tí a ń sọ fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ lọ tí òun kò bá a lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Omi wà nínú rẹ̀, agbè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ èèwọ̀ tòní sì wà láàárín wọn. Wọ́n rò pé wọ́n ń tù mí nínú ni. Mo kórìíra gbólóhùn yẹn ju bí mo ṣe kórìíra Ilé Omi lọ. Agbè tó ṣófo, kí ni wọ́n fẹ́ kó máa fi ara rẹ̀ ṣe?

Mo dúró níbẹ̀, inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo lè pariwo. Ọ̀rọ̀ kan péré, òpó yóò gbọ́, Oníbodè yóò yọ ọ́, ọmọ yóò dúró, páìpù yóò lọ. Mo sì lè dákẹ́ kí n gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti gbé e sábẹ́ tèmi, páìpù yóò dúró.

"Èwo ni kí n ṣe?" mo bi í.

"Mo fẹ́ wà á, Màámi. Èmi ló ni ìyẹn. Sípíríǹgì ni tiyín."

Ọmọ yìí gbọ́n, ó sì ya aláyà líle. Èmi ni mo tọ́ ọ, nítorí náà ta ni n óò fi sùn?

Mo padà sí ìdí mọ́tò.

"Làmídì, dá òkúta padà sínú àpótí. Kó sípíríǹgì àjò jáde."

Sípíríǹgì àjò ni èyí tí a fi wa mọ́tò láti ilé wá, rírọ̀ ni, fún ojú ọ̀nà jíjìn.

Làmídì rẹ́rìn-ín. "Sípíríǹgì àjò? Ṣé à ń lọ kí àna ni?"

"Yọ táyà."

"Ìyá Onísípíríǹgì, mọ́tò yìí yóò dọ̀bálẹ̀ bíi ọkọ ìyàwó. Yóò yíká, yóò lóṣòó, yóò ki oríkì. Ṣé Amòye ò wí fún yín..."

"Làmídì."

Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó wo Ìbídùnní, tó dúró tó fọwọ́ ti ìbàdí, tó ń mí sókè sódò. Làmídì ti bímọ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ kékeré sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọjọ́ ogójì ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bísímílláì," ó wí, ó mú sípánà.

A gbé mọ́tò lé jáàkì níbẹ̀ lórí ìlà, àwọn ará ìlú yòókù sì ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè. Wàláà Amòye ń pariwo nínú àpò mi. "Màmá, ìpinnu yìí yóò jẹ́ kí omi mì."

"Dírẹ́bà ńkọ́?" mo bi í.

"Dírẹ́bà kò sí lára omi, Màmá."

Mo pa á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo kàn fi ìfẹ́ tú mọ́tò ni. Ìfẹ́ kì í di nọ́ọ̀tì mú. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ níwájú tó sì rọ̀ lẹ́yìn bákan náà, bí táyà iwájú bá ti bọ́ sínú kòtò, mọ́tò yóò máa jì bíi àga arúgbó, iwájú lọ, ẹ̀yìn bọ̀, omi yóò sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí tẹ̀yìn bá fi díẹ̀ le ju tiwájú lọ, ẹ̀yìn tó kan kòtò kẹ́yìn yóò yára padà, yóò bá iwájú, àwọn méjèèjì yóò sì jọ dúró. Bí obìnrin méjì ṣe ń gbé odó nìyẹn: ẹni tó wà lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ yára. Nítorí náà mo wá èyí tó yi díẹ̀ nínú àwọn tó rọ̀, mo fi sẹ́yìn. Fún ìyíká, irin kan wà tó dábùú abẹ́ mọ́tò, tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, tó jẹ́ pé bí apá kan bá fẹ́ tẹ̀, yóò fa èkejì mọ́ra. Mo yọ tín-ínrín, mo fi èyí tó nípọn jù síbẹ̀. Ìyẹn yóò gba kọ́nà.

Ìdọ̀bálẹ̀ ló kù. Ìdọ̀bálẹ̀, mi ò ní oògùn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbà á," mo wí fún Ìbídùnní. "Má tẹ bíréèkì lójijì. Bí o bá fẹ́ dúró, jẹ́ kí mọ́tò ti mọ̀ ṣáájú. Máa bẹ̀ ẹ́."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

"Bí ohunkóhun bá sì dí ọ lọ́nà..."

Baálẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo sípíríǹgì líle tó wà nínú àpótí, ó wo èmi tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

"Ìyá Onísípíríǹgì, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ tún ń tú?"

"Mò ń tún un ṣe ni, Baálẹ̀."

"Ṣé omi yóò délé?"

"Ohun tó yẹ kó délé yóò délé, sà."

Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, ó ti jẹ nídìí. "Ìdáhùn àgbà nìyẹn. Omi ni mo béèrè. Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Páìpù nìkan ni wọn yóò tì, wọn ò ní í bá mi hú òkú." Ó padà síbi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò tètè jáde lábẹ́ mọ́tò náà.

Ó kan wá. Mọ́tò wọ abẹ́ bodè, iná aláwọ̀ ewé ń gba ara rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohùn Oníbodè dùn bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn.

"Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ káàárọ̀ o. Sípíríǹgì yín kì í ṣe èyí tí Amòye là sílẹ̀. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"A fara mọ́ ọn," mo wí.

Òǹtẹ̀ iná lu sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó di kí ìdíje parí kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ènìyàn mélòó ló wà nínú mọ́tò?"

Ìbéèrè tó ń bi gbogbo ìlú ni. Gbogbo ìlú a sì dáhùn pé ẹnìkan. Bí Ìbídùnní bá sọ pé ẹnìkan, Oníbodè yóò gbọ́ irọ́ nínú ohùn rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ó parí. Làmídì ti ń ka nǹkan sábẹ́ ètè. Èmi kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," mo wí.

Àwọn tó ṣe Oníbodè ti fi àṣà wa bọ́ ọ yó, kí àwọn àgbàlagbà má baà máa bá a jà ní bodè. Irọ́ kò sí nínú ohùn mi, mo sì fi ọjọ́ orí mi sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó wí níkẹyìn. "Mo rí ìjókòó kan. Ẹ máa lọ. Ire o."

Làmídì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Ha! Ẹ̀yin obìnrin yìí!"

Nígbà tí ìlú tó gbẹ̀yìn gba bodè kọjá, wọ́n tú gbogbo mọ́tò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ kì í dún. Bí wọ́n bá ti lọ, ohun tí èèyàn ń gbọ́ kò ju òkúta lábẹ́ táyà àti irin tó ń ké. Mo tan wàláà, gbogbo àwọn ará ìlú sì rọ́ yí mi ká láti wò ó. A rí Ìbídùnní lórí ilẹ̀ tó la yẹn. Àwọn mọ́tò tó wà lórí òkúta ń ta bíi àgbàdo inú agbada, orí àwọn dírẹ́bà wọn ń gbọ̀n. Tiwa ń lọ bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn. Iwájú wọ kòtò, ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì jọ jáde. Omi mì, ó mì, kò kọjá ètè.

"Ó ń lọ," Baálẹ̀ wí. "Ẹ wò ó, ó ń lọ!"

Ó gba kọ́nà ìsàlẹ̀, irin nípọn dì í mú, kò yíká. Ó gun orí odi adágún. Ó wà ní ipò kẹrin. Ó ń bẹ bíréèkì, mo rí i pé ó ń bẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dé gbogbo ibi tó ti yẹ kó rọra. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbàgbọ́ pé ọmọ àti páìpù, méjèèjì yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọlọ́run ló mọ̀, mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ti ń wá orúkọ ọmọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ odi ló ti ṣẹlẹ̀. Mọ́tò Ìsàlẹ̀-Afárá wà níwájú rẹ̀, lórí òkúta, ó ń sáré. Táyà rẹ̀ kan bọ́ sójú sìmẹ́ǹtì tó là, mọ́tò náà fò sókè, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dábùú ọ̀nà. Dírẹ́bà rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó ń ju ọwọ́.

Ìbídùnní kò rí àyè bẹ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ bíréèkì.

Mọ́tò mi dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nu ilẹ̀, omi sì dìde lódindi nínú igbá, ó fò jáde lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tàn yẹ̀ẹ̀ nínú oòrùn. Ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí mọ́tò Ìsàlẹ̀-Afárá. Obìnrin kan lẹ́yìn mi kígbe bí ẹni tí wọ́n gún. Dírẹ́bà yẹn rá jáde. Ìbídùnní yí mọ́tò padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó ń bọ̀.

"Bó bá jẹ́ òkúta ló wà lábẹ́ rẹ̀," Làmídì wí, "kì bá tí dọ̀bálẹ̀."

"Bó bá jẹ́ òkúta ló wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá òun ni ì bá kọ́kọ́ fò."

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Títí di ọ̀la kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ipò kẹta ló dé. Ó wọ abẹ́ bodè, iná ewé gba ara igbá kọjá, gbogbo wa sì ti rí i kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀. Ìbú ìka kan ni omi fi rẹlẹ̀ sí ìlà pupa.

"Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́," Oníbodè wí, "omi yín kò kan ìlà. Tírélà yóò wá. Ẹ kú àmúmọ́ra."

Ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Baálẹ̀ yíjú sí mi. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

"Ìyá Onísípíríǹgì. Ẹ̀yin lẹ tú u. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Oòrùn wà lókè gangan. Mo mọ èèwọ̀. Mo wo Ìbídùnní, tó ti jáde nínú mọ́tò, tó fi ọwọ́ kan di òrùlé mú, tó sì fi èkejì sí ìsàlẹ̀ ikùn. Gbólóhùn tí mo ti ń kórìíra láti ọjọ́ wọ̀nyí wá dìde lọ́fun mi.

"Omi ló dànù," mo wí. "Agbè ò fọ́."

Ọwọ́ kan gbá mi lẹ́nu. Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ ni, àgbà obìnrin tó ti lè bí mi, ó sì ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbọ́ ohun tí mo sọ délẹ̀. Ọwọ́ náà dúró sókè. Òun náà wà lára àwọn tó jókòó lórí ẹní mi nígbà náà. A kì í fi gbólóhùn yẹn ṣeré, a kì í sì sọ ọ́ fún ọkùnrin tàbí fún mọ́tò. Ó wo ojú mi, ó wo ibi tí ojú mi ń wò. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ bá Ìbídùnní, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Èyí tó wà nínú agbè náà ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀, Màmá," Ìbídùnní wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Ó ń ta mí nípàá báyìí."

Oníbodè gbọ́, kò sọ nǹkankan. Ìdíje ti parí, òfin rẹ̀ kò sì tún kàn wá mọ́.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ìbàdí Ìbídùnní. Ẹnikẹ́ni kò yọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bú mi. Àwọn kan kò tún wo ojú mi láti ìgbà náà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Baálẹ̀ jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. "Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀," ó wí, bí ẹni pé a kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bu omi tó kù nínú igbá, kí abaraméjì kọ́kọ́ mu.

Èmi wọ abẹ́ mọ́tò. Òǹtẹ̀ iná ti kú lára sípíríǹgì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin nípọn yẹn. Ara ń ro mí títí dé eyín. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ Làmídì fi dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Kí lẹ tún ń tú? Ìdíje ti tán."

"Irin yìí le jù. Mọ́tò yìí ni yóò gbé Ìbídùnní dé Èbúté, kì í ṣe tírélà. Fún mi ní tín-ínrín yẹn."

"Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, yóò máa yíká o."

"Jẹ́ kó yíká."

"Yóò máa dọ̀bálẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá ti dúró."

"Jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, Làmídì," mo wí, mo sì na ọwọ́ síta fún sípánà. "Ibi tí à ń lọ yìí, èèyàn tí a óò kí pọ̀."